Ìkọ́ tí Ọlátẹ́jú Yọ Kúrò

Orin ni Ọlátẹ́jú ń kọ wọ ọgbà ilé ìwòsàn tó wà ní Ìlódè lọ́sàn-án Mọ́ńdè yẹn. Ó ti fọ kọ̀ǹpútà wọn mọ́ tónítóní ní ọjọ́ Fúráìdè, ìyìn ló ń bọ̀ wá gbà.

Kí ẹ má baà rò pé omi àti ọṣẹ ló fi fọ̀ ọ́: olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni Ọlátẹ́jú ní yunifásítì, iṣẹ́ tó sì fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ ni títún kánẹ́ẹ̀lì ṣe. Kánẹ́ẹ̀lì ni ètò tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ètò inú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń bá irin sọ̀rọ̀ fún àwọn yòókù. Nígbà tí Ọlátẹ́jú ń kọ́ kánẹ́ẹ̀lì ilé ìwòsàn náà láti máa gbọ́ ohùn UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá ṣe ségesège, kò dá a lójú pé ohùn náà ń wọlé. Ló bá fi ìkọ́ ìwádìí kan há àárín rẹ̀. Ìgbàkígbà tí UPS bá ní iná ti rẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà á ké: fíìn, fíìn, fíìn. Nítorí ara rẹ̀ nìkan ló ṣe fi í síbẹ̀. Ó ní lọ́la lòun máa yọ ọ́. Ọ̀la yẹn di ọdún kan ààbọ̀.

Ọjọ́ Fúráìdè tó fẹ́ fi kánẹ́ẹ̀lì tuntun síbẹ̀ ló tó rántí. Adésọjí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ni, bi í bóyá ó ti wádìí ẹni tó ń lo ìkọ́ náà kó tó yọ ọ́. Ọlátẹ́jú rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àga. Ó ṣàlàyé fún un, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, pé àwọn ilẹ̀kùn tí ètò mìíràn ń gbà bá kánẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀, wọn kì í ṣí wọn nípò, kí iṣẹ́ ẹlòmíràn má baà dàrú. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi síbẹ̀ láti wá àṣìṣe ara wa, ọjọ́ tó bá wù wá la ń yọ ọ́.

"Ìkọ́ ìwádìí kì í ṣe ìlérí, Adésọjí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó kọ ọ́ sí pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé lọ́sàn-án Mọ́ńdè náà ni Bàbá Roqeeb, tó ń tan jẹnẹrétọ̀. Bàbá na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ nínú àhéré jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé bí ọkọ ìyàwó. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gba òun síṣẹ́, òun ò sinmi rí bí ti òpin ọ̀sẹ̀ yìí, òun ò tilẹ̀ fọwọ́ kan okùn jẹnẹrétọ̀. Ọlátẹ́jú ní NEPA ṣe dáadáa nìyẹn.

"NEPA wo? Háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n gbé fún gbogbo Ìlódè láti àárọ̀ Sátidé títí di ìdájí òní. Áyọ́ọ̀nù ìyá Roqeeb ò gbóná tó láti na ṣòkòtò ọmọdé."

"Ẹ ò wá tan jẹnẹrétọ̀, Bàbá?"

"Ẹyẹ yín ò ké."

Ọlátẹ́jú bi í pé ẹyẹ wo, Bàbá bá ṣàlàyé fún un.

Háàfù kọ́rẹ́ǹtì kì í pa gílóòbù, ó kàn ń pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn ni, ṣùgbọ́n mọ́tò fìríìjì kì í lè yí. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ti ṣàkíyèsí pé kọ̀ǹpútà ń ké lẹ́ẹ̀mẹta bó bá ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún Bàbá: bí ẹyẹ inú ọ́fíìsì bá ti ké, kó sáré tan jẹnẹrétọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ọlátẹ́jú. Ta ni yóò rò pé ẹni tó fi ohùn sí i kò mọ̀? Adìẹ tí wọ́n fún un lọ́dún Kérésì, nítorí ẹyẹ náà ni. Ó ti jẹ ẹ́ tán kó tó mọ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ló wà nínú fìríìjì náà. Bó bá gbóná fún ọjọ́ méjì, ó lè kú. Àwọ̀ rẹ̀ kì í yí, kì í rùn, bó bá sì tún tutù padà, kò sí ojú tó lè mọ̀ ọ́n.

Ó sáré wọlé, ó ṣí fìríìjì. Òtútù lù ú lójú. Kò sí ìgò abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹjọ́! Ó yí po, ó jó dé iwájú tábìlì Ìyáàfin Ọ̀ṣuntọ́lá, àgbà nọ́ọ̀sì. Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní Dorcas, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì, ti kó gbogbo abẹ́rẹ́ náà lọ sí Edunabon láàárọ̀. Èéyi ti wọ ìlú náà. Nígbà tí àwọn ṣí fìríìjì láti kó wọn, ó tutù bó ṣe yẹ.

Ọlátẹ́jú tó máa ń lọgun mọ́ àwọn ọlọ́kadà pé kí wọ́n rọra, òun ló ń gbá ẹ̀yìn ọlọ́kadà lọ́jọ́ yẹn pé kó sáré sí i.

Ó bá Dorcas ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan, ó ń pa àpótí rẹ̀ dé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ìyá pọ̀ débi pé ìgò kan ò ṣẹ́kù. Àwọn mìíràn ṣì jókòó, wọ́n ń rẹ ọmọ wọn lẹ́kún. Ọlátẹ́jú sọ ọ́ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀rín náà ò kúrò lójú Dorcas lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ó bi í bóyá ó dá a lójú pé abẹ́rẹ́ náà ti kú. Ọlátẹ́jú ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn," ni Dorcas wí.

Ọlátẹ́jú gun bẹ́ǹṣì. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ òní lè má lágbára, wọn yóò tún un gún láìpẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọmọ súnmọ́ ibi tí èéyi bá wà títí dìgbà náà. Ìyá kan bi í pé ta ló bà á jẹ́.

"Èmi ni, mà."

Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń wá ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìyá àgbà kan ló sọ pé Sàrátù ti lọ. Oko ni àbúrò Sàrátù ń gbé, èéyi sì wà nílé wọn níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Sàrátù ti ń sá fún ibẹ̀ nítorí ọmọ tó ń pọ̀n. Bí wọ́n ṣe gún ọmọ náà tán, ó dúpẹ́, ó ní òun lè lọ tọ́jú wọn báyìí.

Wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọlátẹ́jú sáré títí ó fi dé ibi tí ọ̀nà pín sí méjì nínú igbó kòkó. Ó pe orúkọ Sàrátù. Nǹkan kan ò mi. Ó rí i pé koríko apá òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, bí ibi tí ẹnìkan gbà kọjá, ló bá yà síbẹ̀. Ó ti sáré lọ díẹ̀ kó tó bojú wẹ̀yìn.

Koríko apá ọ̀tún náà tẹ̀.