Òní La Ti Ń Kà Á

Kò sí ohun tó ń dun Gàfárù tó ẹ̀rín Jamilah. Ọmọbìnrin náà kì í fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín o. Ó kàn jẹ́ pé bí kọ̀ǹpútà bá ti gba iṣẹ́ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Kọ̀ǹpútà sì ń gba iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ti Gàfárù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Gàfárù ló kọ́kọ́ dé kíláàsì Ọ̀gá Dáramọ́lá ní Bẹẹrẹ. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni, maṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe ní Ọjà'ba, kò sì sí èyí tí yóò yọnu tí kò ní mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ó ti fi oṣù mẹ́ta gbáko kọ́ èdè C, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí Jamilah, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó ní òun náà fẹ́ kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún! Kàdúná ni wọ́n bí i sí, kò tíì pé ọdún méjì tó dé sí agboolé wọn ní Bẹyẹrunka. Gàfárù fúnra rẹ̀ ló mú un dé kíláàsì, ó ní kó jókòó ti òun kí òun lè máa là á yé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ó di pé Jamilah ló ń là á yé Gàfárù.

"Bọ̀dá Gàfárù, ẹ ò fi àmì parí ìlà keje."

Àmì kín-ń-kín kan báyìí tí kò tóbi ju ẹyin iná orí lọ! Torí pé Gàfárù gbàgbé rẹ̀, kọ̀ǹpútà ka àṣìṣe mẹ́tàdínlógún sí i lọ́rùn. Maṣíìnì ìránṣọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, abẹ́rẹ́ náà ló ṣẹ́.

Èyí tó wá burú jù ni ìkà. Òdo ni C ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan. "Ta ló ń ka nǹkan láti òdo?" Gàfárù pariwo lọ́jọ́ kan. "Àkọ́bí mi, ṣé ọmọ òdo ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Jamilah náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ nìkan ni Gàfárù gbé délé.

Owú ni. Ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ mìíràn pè é. Bí ọmọ náà bá kí i láàárọ̀, á dáhùn bí ẹni tí eyín ń dùn. Bí wọ́n bá yìn ín lójú rẹ̀, á ní àìríṣẹ́ṣe ló jẹ́ kó ráyè ìwé.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan ní Òkè-Àdó tó ń ṣe ìńfátà, ẹ̀rọ tó ń fúnni níná bí iná ìjọba bá lọ, ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Dáramọ́lá pé àwọn fẹ́ gbà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ síṣẹ́. Kí kálukú kọ ohun kan tí yóò wúlò fún ará ilé rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò wọlé. Ọ̀gá ní ẹni méjì lè pawọ́ pọ̀ ṣe ẹyọ kan, bó bá sì yege, àwọn méjèèjì ni wọn yóò gbà. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀," ló wí, Gàfárù ló sì ń wò.

Jamilah ò jẹ́ kó tutù. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é."

"Kí n wá di ìrù ẹ? Lọ ṣe tìẹ."

Bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ iṣẹ́ náà ju bó ṣe lè sọ lọ. Àwọn maṣíìnì tuntun tí àwọn télọ̀ ń rà báyìí, kọ̀ǹpútà ló wà nínú wọn. Bí wọ́n bá bàjẹ́, wọn kì í gbé wọn wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó bá iṣẹ́ tirẹ̀ jìjàkadì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀.

Jamilah ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá àwọn méjèèjì. Irú ni Ìyá Àgbà ń tà ní ọjà oko kan, ọjà ọrọọrún. Láti ìgbà tó ti ṣàìsàn, ó máa ń gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ná ọjà kẹ́yìn. Jamilah fẹ́ kí kọ̀ǹpútà to gbogbo ọjọ́ ọjà inú ọdún sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ kan, ó gbé iṣẹ́ náà wá sí ìsọ̀ Gàfárù.

"Bọ̀dá, Ìyá Àgbà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà máa fi márùn-ún kún un. Ẹ̀yin lẹ máa ń tẹ̀lé wọn lọ tẹ́lẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

Gàfárù wo ìlà náà. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ C, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò rí àṣìṣe kí ẹnikẹ́ni tó fi hàn án. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ru igbá irú tẹ̀lé Ìyá Àgbà. Ọjọ́ ọjà gan-an ni wọ́n ń pè ní ọ̀kan. Bí wọ́n bá ná an ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè ni ọ̀kan, Túsìdeè ni èjì, títí dé Jímọ̀ tó jẹ́ àrún. Mẹ́rin ló yẹ kí ọmọ yìí fi kún un. Pẹ̀lú márùn-ún rẹ̀ yìí, Sátidé ni yóò bọ́ sí, ọjà yóò sì ti tú.

Ayọ̀ burúkú kan sọ nínú rẹ̀.

"Ó pé," ni Gàfárù wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Ẹ ṣé o, Bọ̀dá." Jamilah rẹ́rìn-ín lọ. Gàfárù jẹ àjẹyó lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, Gàfárù kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ó kàn lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i bí ọmọ náà yóò ṣe ṣubú. Madam Hilda láti ilé iṣẹ́ ìńfátà wà níwájú pẹ̀lú ìwé àti bírò. Jamilah di Ìyá Àgbà lọ́wọ́ mú wọlé, ó fún un ní àga, ó sì tẹ Mọ́ńdè, ọjọ́ tí wọ́n ná ọjà kẹ́yìn, sínú kọ̀ǹpútà.

"Kí ló wí?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Ó ní bí wọ́n ṣe ná an ní Mọ́ńdè, Sátidé lọjà kàn, Ìyá."

Ìyá Àgbà ka ìka ọwọ́ rẹ̀. "Rárá o. Jímọ̀ ni. Ọjọ́ ọjà la ti ń kà á! Bí mo bá lọ ní Sátidé, ta ni mo fẹ́ ta irú fún, ewúrẹ́?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó wẹ̀yìn. "Gàfárù nìyẹn. Ṣebí mo kọ́ ọ. Jamilah, o ò bi í ni?"

Jamilah yíjú wo Gàfárù.

"Mi ò bi wọ́n, Ìyá," ló wí.

Madam Hilda ti tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ń wo òkè iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti fi ìlà méjì tó dagun síwájú ọ̀rọ̀, irú ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kì í kà, tó jẹ́ pé ènìyàn ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ó kà á sókè. "Jamilah àti Bọ̀dá Gàfárù la jọ ṣe é. Bọ̀dá ló mọ ọjọ́ ọjà, àwọn ló sì yẹ̀ ẹ́ wò." Ó gbójú sókè. "Ta ni Gàfárù?"

Gàfárù dìde. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

"Ṣé lóòótọ́ lo yẹ̀ ẹ́ wò?" Ọ̀gá Dáramọ́lá béèrè.

"Ó bi mí, sà," ni Gàfárù wí. "Mo sì mọ̀."

"Háà, Gàfárù," ni Ìyá Àgbà wí.

Iṣẹ́ Àkíbù, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn nínú kíláàsì náà, ni Madam Hilda mú. Bí àwọn ènìyàn ti ń jáde, Jamilah padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa márùn-ún rẹ́, ó fi mẹ́rin sí i, ó sì ní kó ṣiṣẹ́. Jímọ̀ jáde. Kọ̀ǹpútà gbà á láìjanpata.

Gàfárù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń retí ẹ̀rín náà. Jamilah ò rẹ́rìn-ín. Ó di Ìyá Àgbà lọ́wọ́ mú, wọ́n sì lọ sílé.