Ẹran Inú Kúlà

Ní ọjọ́ Àìkú, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ létí òkun Fidjrossè, àwọn tó wá ṣeré a máa tò sábẹ́ agboòrùn Safurat. Bísáàpù pupa, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sóbò, àti omi ọsàn ló ń tà, gbogbo rẹ̀ nínú kúlà búlúù kan tó tóbi bí àpótí aṣọ. Obìnrin yìí ní àléébù kan, bó bá jẹ́ àléébù ni: ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e kì í jẹ́ kó sinmi. Ìyá tó bí i ní Ṣakété máa ń sọ pé ìbéèrè lọmọ náà kọ́kọ́ mu kó tó mu ọmú.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà rẹ̀ kan, Oyèníkẹ́, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta aṣọ ní ọjà Ganhi, jókòó tì í, ó ń ráhùn nítorí ẹ̀rọ kan tó jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹran ni mo fi ń sè," ni Oyèníkẹ́ wí. "Wàá fi iyọ̀ àti ata ra ẹran lára, wàá kó o sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, wàá lé afẹ́fẹ́ jáde títí ọ̀rá á fi lẹ̀ mọ́ ẹran. Wàá wá rì í sínú omi gbígbóná tí kò hó, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan, méjì."

"Omi tí kò hó, àǹtí? Ṣé á wá jinná?"

"Á jinná dé inú, kò sì ní le. Tó bá kúrò níbẹ̀, wàá nù ún gbẹ, wàá wá fi iná líle bà á lára díẹ̀ kó lè pọ́n."

"Kí wá ni iṣẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an?"

"Kò jẹ́ kí omi tutù, kò sì jẹ́ kó hó. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Safurat bojú wo kúlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yìnyín àárọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé bá yìnyín, bó bá jẹ́ pé ooru ló wà nínú rẹ̀ ńkọ́, ṣé yóò jẹ́ kó jáde?

Bó ṣe délé, ó ròyìn fún Ràzáàkì, ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ni Ràzáàkì ń ṣe, òun àti iná ni wọ́n jọ ń ṣeré látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì gbà pé ohunkóhun lè jinná níbi tí iná kò sí.

"Ìyá Mùíz, ẹran tí kò rí iná, tútù ni."

"Bàbá Mùíz, ṣé adìẹ máa ń dáná sábẹ́ ẹyin kó tó pa á?"

Ràzáàkì jẹun tán, ó fọwọ́, ó tún padà sídìí ọ̀rọ̀ náà. "Báwo lo ṣe máa mọ ibi tí omi náà gbóná dé?"

Ìbéèrè yẹn ló mú òun náà wọ ọ̀ràn ọ̀hún, òun kò sì fura.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ibà bá mú Mùíz ọmọ wọn ni Safurat kọ́kọ́ tì bọ inú omi. Kò fi nọ́ńbà kankan hàn, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yọ lójú rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé ibà yìí kọjá agbára òun. Safurat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ràzáàkì bá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Háàrúnà, tó ń tún fìríìjì ṣe, láti yá ẹ̀rọ ìwọn ooru olókùn tirẹ̀. Nígbà tí Háàrúnà gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ó ní òun kò ní fi rán ẹnikẹ́ni, òun ló gbé e wá fúnra rẹ̀.

Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kò yọrí sí rere. Omi gbígbóná tí wọ́n dà sínú kúlà kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tó fi di lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹran inú ọ̀rá kò sì tútù, kò jinná. Wọ́n dà á sínú ọbẹ̀, wọ́n sè é bí gbogbo ayé ṣe ń sè é.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Safurat ń rántí pé bí òun bá fẹ́ kí yìnyín pẹ́, òun kì í kó o sínú kúlà tí oòrùn ti pa. Òun á kọ́kọ́ fi omi tútù ṣan inú rẹ̀, òun á sì kó o kún dé ẹnu, nítorí àyè tó bá ṣófo ló ń jẹ yìnyín. Bí òtútù bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ooru kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, ó fi omi gbígbóná ṣan inú kúlà, ó dà á nù, ó wá pọn òmíràn kún un dé etí. Ẹ̀rọ Háàrúnà ní kò pé ọgọ́ta dígíríì: ó gbóná, ṣùgbọ́n kò hó. Safurat ra ẹran ẹ̀yìn màlúù tuntun, ègé mẹ́ta, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, ó sì ń rì wọ́n sínú omi díẹ̀díẹ̀, ẹnu ọ̀rá lókè. Omi fúnra rẹ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ jáde. Ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ẹran bí awọ. Ó di ẹnu wọn, ó dé kúlà, ó fi aṣọ nípọn bò ó.

Ràzáàkì tètè ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó sì gbé iná gáàsì tó fi ń jó irin dání.

"Ẹ má ṣí i o," ni Safurat wí.

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo kàn ń wo nọ́ńbà." Ó sì ń wò ó ṣáá.

Nígbà tó pé wákàtí méjì tí wọ́n tú ọ̀rá, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹran náà rí bí eérú tí òjò pa. Safurat nù ún gbẹ, Ràzáàkì sì tan iná, ó dojú rẹ̀ kọ etí ègé kan. Ó pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn gáàsì gbà á kan. Ràzáàkì gé etí náà sọ nù. Ó wá gbé agbada irin jáde, ó da òróró díẹ̀ sí i, iná náà ló fi jó ìdí rẹ̀ títí èéfín fi ń yọ. Wọ́n gbé ẹran lé e. Ó dún ṣàà, wọ́n yí i, wọ́n gbé e kúrò. Òórùn tó gba àgbàlá kan mú kí aládùúgbò kan yọjú lórí ògiri, ó béèrè pé kí ni wọ́n ń dín.

Safurat fi ọ̀bẹ là á. Inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú.

"Ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyí?" ni Ràzáàkì béèrè.

"Wọ́n ti dú màlúù náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn tán níbẹ̀. Àǹtí Oyèníkẹ́ ní omi ara ẹran ni."

Ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà tẹjú mọ́ ọn kó tó fi sẹ́nu. Eyín rẹ̀ wọlé láìjà. Ó jẹ ẹ́ tán.

"Báwo ló ṣe rí?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Ẹran ni. Àfi bí ẹni pé n kò jẹ ẹran rí."

Ràzáàkì jẹ etí, ó wá jẹ àárín. Ó tún gé òmíràn. Háàrúnà, tó ti wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí, ní kí wọ́n dá tòun padà sínú agbada. Wọ́n dín in títí kò fi sí pupa kankan nínú rẹ̀ mọ́, ó sì le díẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ tìfẹ́tìfẹ́. "Èyí ni mo mọ̀," ni ó wí.

Lọ́jọ́ kẹta, Ràzáàkì ti ọ̀dọ̀ alápatà wọlé pẹ̀lú ẹran ẹsẹ̀ màlúù, oníṣan gidi.

"Mo ní kó gé èyí tó le jù fún mi," ni ó wí. "Mo fẹ́ mọ̀."

Safurat fi àtàǹpàkò tẹ ẹran náà. Kò tẹ̀ rárá. "Kúlà á ti tutù kí èyí tó rọ̀. A ó máa bu omi gbígbóná kún un ni, títí di ọ̀la."

Ràzáàkì ti ń gbé ìkòkò omi kaná.