Téèpù Kì Í Purọ́

Téèpù-Kì-Í-Purọ́ làwọn oníbàárà ń pe aránṣọ náà, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi fa orúkọ ọ̀hún. Bí oníbàárà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé òun ò sanra, pé aṣọ ló súnkì, á ní, "Àǹtí, èèyàn lè purọ́, téèpù kì í purọ́." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀, oyún tó fi ọdún mẹ́jọ wá, nígbà tó gé gáùn kan fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó gbé e wọ̀. Ikùn gbà, èjìká gbà, àfi ọrùn ọwọ́ tó kọ̀ jálẹ̀, bọ́tìnì ò dé ihò. Ó tún ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, ó fi ààbọ̀ íǹṣì ju ti ọjọ́ Ajé lọ. Orí ti ń fọ́ ọ láti àárọ̀, ni inú bá bí i. Ó ju téèpù sábẹ́ tábìlì, ó ní ayédèrú ni, ó ti súnkì.

Ibẹ̀ ni ìyá agbẹ̀bí tó wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bá a. Ìyá rẹ́rìn-ín títí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú téèpù, ó fi wọn ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mẹ́fà. Kí lo kọ fún mi sínú ìwé ìwọ̀n rẹ?"

"Mẹ́fà, mà."

"Ta ló wá yí padà, ọmọ mi, èmi àbí ìwọ?" Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ṣé o ṣàìsàn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Aránṣọ wolẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ibà àti ikọ́ ti dá a dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀, kí ó má baà gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì yọjú síbi àyẹ̀wò oyún látìgbà náà.

"Ọwọ́ tó wú lójijì lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru lára aláboyún, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa irú ibà yẹn sì lè dá kún ewu rẹ̀," ni ìyá wí. "Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí, àmọ́ wíwọ̀n la fi ń mọ̀. Dìde."

"Ẹ jẹ́ n kàn sún bọ́tìnì yìí, mà."

Ìyá fa wáyà máṣíìnì yọ lára ògiri.

Ní ọsibítù, wọ́n di ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ìyá wo nọ́ńbà, ó ti ga jù, ó ránṣẹ́ pe dókítà, ẹ̀rù sì ba aránṣọ gan-an. Wọn ò jẹ́ kó padà sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fúnra rẹ̀ na apá. "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, téèpù yín ń fún mi lápá o! Èló ló wí lónìí?" Ojoojúmọ́ ló ń béèrè bẹ́ẹ̀, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ láìjiyàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló bí obìnrin, ọmọ kékeré tí igbe rẹ̀ gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Ọkọ gbé téèpù wá láti ṣọ́ọ̀bù, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ní kó gbé e wá. Aránṣọ fi yí ọrùn ọwọ́ ọmọ ká. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ̀n ọ́n, torí omijé ò jẹ́ kó rí nọ́ńbà níṣàájú.