Ojú Ọ̀nà Tí Kò Sí Èèyàn

“Kó àwọn èèyàn yẹn kúrò lójú ọ̀nà fún mi, kíá!”

Ọ̀gá tó ni iléèwé ìwakọ̀ náà ló ń sọ ọ́ sí Àǹtí Bíréèkì létí wúyẹ́wúyẹ́, àmọ́ ẹ̀rín tó ń rín sí àwọn àlejò ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Ojú ọ̀nà wo ni kò ní èèyàn, Ọ̀gá?”

“Ojú ọ̀nà tèmi.”

Àǹtí Bíréèkì wò ó látòkè délẹ̀. Ṣíọ̀! Bàtà ń dán, orí ń dán, kò sì sí nǹkan gidi kan láàárín méjèèjì.

Ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà, igbe “Bíréèkì!” tó sì máa ń ké nínú mọ́tò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí Ọ̀gá ra ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọkọ̀ wíwà nínú yàrá, inú tiẹ̀ gan-an dùn sí i. Ẹ̀rọ náà ní àga, ó ní sítíárìn àti bíréèkì bíi ti mọ́tò gidi, tẹlifíṣọ̀n gbàgàdà mẹ́ta ló sì ń fi títì han ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Ó dáa kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe gbogbo àṣìṣe rẹ̀ níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe òmùgọ̀: wọ́n fi òjò sí i, wọ́n fi òkùnkùn sí i, wọ́n fi ìyá arúgbó tó gbé àpò dání sí i, àti ọmọdé tó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù.

Ìgbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìyá arúgbó ni wàhálà dé. Wọ́n fìdí rẹmi, wọ́n sunkún délé, àwọn òbí wọn wá gbéjà ko Ọ̀gá pé ó ń dẹ́rù ba ọmọ àwọn. Ọ̀gá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní kí wọ́n yọ èèyàn kúrò nínú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ ló ń gba ọgọ́rùn-ún. Òbí ń yọ̀, Ọ̀gá ń yọ̀, wọ́n jọ ń parọ́ fúnra wọn, wọ́n sì ń ya fọ́tò irọ́ náà kiri. Àwọn àgbààyà!

Ọmọ tó wà lórí ẹ̀rọ lọ́sàn-án yìí, Ọgọ́rùn-ún gan-an ni wọ́n ń pè é, torí kò gba máàkì mìíràn rí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Bàbá rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé fáwọn èèyàn, mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tuntun dání lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì ya fídíò. Àbúrò ọmọ náà dúró tì í, ọmọbìnrin kékeré tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

“Tó bá ti ṣe èyí tán,” bàbá wí, “òun ló ń wà wá lọ sílé. Láti ọjọ́ Ajé, òun lá máa gbé àbúrò ẹ̀ lọ síléèwé. Ṣé èmi ni màá máa ṣe dẹ́rẹ́bà ọmọ kiri títí ayé ni?”

Àǹtí Bíréèkì wo ọmọ kékeré náà. Ọmọ yìí ni wọ́n fẹ́ gbé sẹ́yìn mọ́tò fún ẹni tí kò tíì bá èèyàn pàdé lójú ọ̀nà rí. Kò yọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn èèyàn tó dá padà sínú ẹ̀rọ láàárọ̀ náà.

“Dádì, mo ti fi èèyàn sí i o,” ó wí.

“Èèyàn wo? Ṣé wọn ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?”

“Ẹ bi Ọ̀gá.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. “Eré lásán ni, sà. Kò kan ìdánwò rárá.”

Ọgọ́rùn-ún gbéra. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lórí sítíárìn, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró níbi iná pupa. Ó yà bó ṣe yẹ kó yà. Ìyá arúgbó bọ́ sójú títì, ọmọ náà gbá a, kò tiẹ̀ dẹ ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù yí jáde, ọmọdé sáré tẹ̀lé e, ó gba orí ìyẹn náà kọjá, ó wá fara balẹ̀ tan iná tó fi hàn pé òun fẹ́ yà sápá ọ̀tún. Nígbà tó dúró, ẹ̀rọ kọ àádọ́rùn-ún sójú tẹlifíṣọ̀n; iná tó pẹ́ kó tó tàn nìkan ló yọ mẹ́wàá fún, torí Ọ̀gá ti ní kó má ka ọ̀rọ̀ èèyàn mọ́ máàkì.

“Àádọ́rùn-ún!” bàbá pariwo. “Pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń dí i lọ́wọ́ yẹn! Ọmọ mi, o káre!”

“Bọ̀dá,” àbúrò bi í, “ṣé ẹ ò rí ọmọ yẹn ni?”

“Mo rí i. Wọn kì í sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.”

Inú bí Àǹtí Bíréèkì débi pé ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Ọ̀gá tó ń nu orí, ó wo bàbá tó ti ń fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orí burúkú wo ló kó òun sáàárín àwọn wọ̀nyí?

“Ẹ kú oríire, Dádì,” ó wí. “Ó ti mọ mọ́tò wà. Àbí?”

“Ṣé ẹ tún ń bi mí ni? Ó mọ̀ ọ́n wà ju èmi gan-an lọ!”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí àgbàlá. Kó jókòó sínú mọ́tò tuntun yín, èmi á jókòó tì í. Ẹ̀yin, ẹ lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán níwájú ẹ̀. Kó rọra wà á bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kó sì dúró tó bá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ máa ya fídíò ẹ̀.”

“Ṣé orí ẹ pé ṣá?” Ọ̀gá bi í.

“Tèmi pé. Ẹ yẹ tiyín wò.”

Ojú àwọn ọmọ wà lára bàbá, kò sì lè kọ̀. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó gbáyà síwájú, ó lọ dúró gbọin láàárín àgbàlá, ó gbé fóònù sókè. Àǹtí Bíréèkì jókòó ti ọmọ náà nínú mọ́tò, ó gbé ọwọ́ lé bíréèkì ọwọ́. Ọgọ́rùn-ún ṣíná sí mọ́tò. Mọ́tò kàn ń kùn lásán ni o, táyà ò tíì yí rárá. Agbaṣẹ́ṣe ti fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀, fóònù rẹ̀ já bọ́.

Ọmọ náà pa iná mọ́tò, ó bọ́ sílẹ̀.

“Dádì, ẹ ò gbà mí gbọ́.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Oòrùn ni mo yà fún!”

Àǹtí Bíréèkì pòṣé. Oòrùn! Ẹ̀mí tiẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kò ṣe é fi tọrẹ. Ti ọmọ kékeré yìí ló wá ṣe é fi dán mọ́tò wò, kí bàbá lè rí ojú sùn láàárọ̀. Bàbá burúkú gbáà!

Ọgọ́rùn-ún gbé kọ́kọ́rọ́ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. “Ẹ máa wà á lọ, sà. Èmi àti àbúrò mi á fẹsẹ̀ rìn.”

Bàbá he fóònù rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó fi ìbínú jáde.

“Má jẹ́ kí n rí ẹ níbí lọ́jọ́ Ajé,” Ọ̀gá wí.

“Kí lẹ rò pé mo fẹ́ wá ṣe?” Àǹtí Bíréèkì fèsì. Ó gbé báàgì rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Etí títì ló ti bá àwọn ọmọ méjèèjì. Ọkọ̀ ń já wìì, ọ̀kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Ọgọ́rùn-ún di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú gírígírí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sójú títì, ó yára fà á padà.

“Mà, wọn ò dúró.”

“Ta ló kọ́ wọn pé kí wọ́n dúró?”

Ọmọ náà wolẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ kọ́ mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.”

“Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àádọ́rùn-ún?”

Ojú tì í gan-an. Àǹtí Bíréèkì wò ó, inú rẹ̀ rọ̀ sí i. Ó wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì ọmọ kékeré náà.

“Ó dáa,” ó wí. “Kọ́kọ́ mú àbúrò ẹ sọdá ná.”