Orúkọ Tí Ràbíátù Gbàgbé

Inú tó ń bí Ràbíátù lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bí wọ́n bá gbé ìkòkò kà á lórí, omi inú rẹ̀ á hó. Ó jókòó sórí àga oníke ní ṣọ́ọ̀bù Abdulsobur, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Íkòtún, ó ń wo lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ bí obìnrin ṣe ń wo ọkọ tó sùn síta.

Láti àná ni ẹ̀rọ náà ti kọ̀ tí kò tàn dáadáa mọ́. Abdulsobur ní ara rẹ̀ le, ọpọlọ rẹ̀ ló dàrú. Òun lè dá a padà sí bó ṣe wà lọ́sẹ̀ tó kọjá láìsí ohun tó máa sọnù, àmọ́ ẹ̀rọ ò gbà, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ pásíwọ́ọ̀dù ẹni tó tò ó níbẹ̀rẹ̀.

"Ta ló tò ó fún yín, àǹtí mi?"

"Àbúrò ọkọ mi."

"Ẹ pè é, jàre. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni."

"Tí mi ò bá pè é ńkọ́?"

"A máa nù ún mọ́ pátápátá ká tó tún un bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á lọ."

Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pírójẹ́ẹ̀tì tí Ràbíátù fẹ́ fi gboyè. Orí márùn-ún. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń rìn láti Ìgàndó dé Ẹ̀gbẹ́dá, tó ń bi àwọn aboyún léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Èyí tó kó pamọ́ sínú fíláàṣì ò kọjá orí kejì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilé ìwé máa ti gbígbà rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì fi ránṣẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Aago méjì sì ti lù.

Ẹni tí wọ́n ní kó pè yìí gan-an, Abdulmuiz, òun ló lọ sọ fún ìyá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìwé ni ìyàwó gbé sórí, kò ráyè ọmọ. Ìyá wọkọ̀ wá sí ilé Ràbíátù àti ọkọ rẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó fi odidi ọjọ́ mẹ́ta ṣàdúrà lé Ràbíátù lórí bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Láti ọjọ́ náà ni Ràbíátù ti ń pe Abdulmuiz ní orúkọ àbísọ rẹ̀ gbàgàdà níwájú ẹbí. Ìyàwó ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́ ló gbọ́dọ̀ máa fi pè é. Bí ìjà ṣe dé nìyẹn. Ọdún kan àbọ̀ rèé, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba kí Abdulsobur lè gbọ́.

"Abdulmuiz."

"Ìyàwó wa. Ẹ káàsán."

"Pásíwọ́ọ̀dù lápútọ́ọ̀pù mi, kí ni?"

"Ẹ jẹ́ mi lóhùn ìkíni ná."

"Káàsán. Kí ni?"

"Orúkọ tí ẹ sọ mí lọ́jọ́ tí ẹ wọlé wa ni. Ó dùn mọ́ mi nígbà yẹn ni mo ṣe fi sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ràbíátù na ìka, ìka sì dúró sí òfuurufú. Zulaihat, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, òun ni Adúmáadán. Ọmọ àbúrò ìyá wọn ni Eyínfúnjowó. Ẹni méje ló sọ lórúkọ lọ́jọ́ náà; mẹ́fà dúró ṣinṣin lọ́kàn rẹ̀. Ibi tí ti Abdulmuiz wà, ìbínú ti jẹ ẹ́ tán.

Ó tẹ Akọ̀wé. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tẹ Ọ̀rẹ́mi. Ó kọ̀.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," ni Abdulsobur wí. "Tíyẹn bá tún kùnà, ó máa tìlẹ̀kùn mọ́ wa di ọ̀la."

"Ẹ ti gbàgbé ẹ̀," ni Abdulmuiz wí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Orúkọ tí ẹ fẹnu ara yín sọ mí. Èmi wá ni mo ba nǹkan jẹ́, àbí?"

"Ìwọ ni. Ìwọ lo mú kí ìyá ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn mi lójú àwọn ayálégbé. O tún wá fi orúkọ ara ẹ ti iṣẹ́ mi mọ́lé."

Abdulmuiz rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá ló bi mí pé kí ló dé tí kò tíì sọ́mọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo bá di ẹ̀bi ru ìwé yín. Ẹ má bínú."

"Màá bínú."

"Ẹ máa bínú ṣá. Àmọ́ orúkọ tó ti sọnù, mi ò gbà á mọ́. Ẹ sọ mí ní tuntun, kí n sọ ti tẹ́lẹ̀ fún yín."

"O fẹ́ ná ọjà lórí wàhálà mi?"

"Àǹtí mi," Abdulsobur bẹ̀ ẹ́, "ẹ sọ ọ́ ní nǹkan. Ẹ pè é ní Bàtà, kó ṣáà jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

"Ẹnu-ò-sinmi," ni Ràbíátù wí, ó wí i bí ẹni ju òkò.

Abdulmuiz mí kanlẹ̀. "Ó tọ́ sí mi. Ti àkọ́kọ́ ni Agùntáṣọọ́lò."

Ràbíátù rántí. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó na ọwọ́ sókè, tó gbé àpótí ìyàwó kúrò lórí ọkọ̀ láìgun nǹkan kan, tí gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Ó tẹ orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ gbà á.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, orí márààrún ti yọjú láìdín kan, Ràbíátù sì fi ránṣẹ́ láti ibi tó jókòó sí. Abdulmuiz pè padà.

"Ó wọlé?"

"Ó wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, pe Màmá. Ohun tí o sọ fún mi, sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Ìyàwó wa, Màmá á…"

"Mo ní kí o pè wọ́n."

"Mo gbọ́."

Ràbíátù gé fóònù, ó yíjú sí Abdulsobur. "Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù."

Abdulsobur fi hàn án. Ràbíátù yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi èjìká bò ó, ó sì tẹ èyí tó wù ú.