Ohùn Enyonam

Nígbà tí dókítà ní ìlú Ho sọ pé àfi kí àwọn gé gògóńgò Enyonam kúrò kí jẹjẹrẹ má baà gbẹ̀mí rẹ̀, Selom ọkọ rẹ̀ kò sunkún. Ó yá makirofóònù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin tí ìyàwó rẹ̀ ti ń lé orin fún láti ìgbà ọmọge. Nígbà tó di Sátidé, ó mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà, ó sì so makirofóònù mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá Dela, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, àbí èmi lẹ fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?"

"Ìwọ ṣáà máa kọrin ní tìẹ, jàre."

Enyonam rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu. Orin mẹ́jọ ló kọ.

Selom kó wọn sórí sídì. Ó gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ó ń dún ketekete. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó wá pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́, torí kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ohùn aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́.

Enyonam ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú ihò lọ́rùn, láìlè fọhùn. Selom ki sídì bọ ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀. Ó yí, ó yí, ó dúró. Kò dún.

Ó mú sídì náà tọ Kafui tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà. Kafui kì í bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Efo Selom, ẹ̀gbọ́n mi, orin dà?"

"Ṣé o ò rí wọn ni? Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rèé. Wọ́n mà dún lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́sí."

"Orúkọ wọn nìyẹn o. Orúkọ nìkan lẹ kó sórí sídì. Nígbà tó ń dún lọ́jọ́sí, inú kọ̀ǹpútà lorin ti ń wá. Ẹ lọ gbé orin wá, màá ṣe é kó dún nínú ẹ̀rọ sídì yòówù."

"Mo ti pa á rẹ́."

Wọ́n jọ sáré lọ sílé ẹ̀kọ́. Kafui tú inú kọ̀ǹpútà náà, ó tú u, àmọ́ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bo gbogbo ibẹ̀.

"Ẹ má bínú, Efo. Kò sí mọ́."

Selom ti to irọ́ sẹ́nu kó tó délé, ṣùgbọ́n Enyonam ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni," ó ní. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á rẹ́."

Enyonam la ẹnu. Atẹ́gùn lásán ló gba ihò ọrùn rẹ̀ jáde. Ó gba sídì náà, ó fi sínú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ó yí, ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Dela, ó tó. Mo bẹ̀ ọ́."

Kò wojú rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́.