Gbólóhùn Kẹrin

"Àǹtí, ẹ tún ibi tí wọ́n buwọ́ lù yìí wò dáadáa." Lọ́yà ti ìwé náà sún mọ́ ọn lórí tábìlì. "Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ín?"

Dókítà Omi mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń rí ìbuwọ́lù yẹn. Dókítà Omi kì í ṣe dókítà gidi. Òun ló ń yẹ omi wò ní ilé-iṣẹ́ omi, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bó bá gbé ìgò omi sókè sójú fèrèsé, ńṣe ló máa ń fajú ro bí ẹni tó fẹ́ sọ àìsàn ẹni fún ni.

"Èkejì mi ni," ó wí. "Olùtọ́jú ṣítọ́ọ̀ wa. Èkejì la máa ń pe ara wa."

Lọ́yà, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó wà lókè ìbuwọ́lù náà. Ó jẹ́ kó ka ohun tó wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀.

"N kò rí ẹnikẹ́ni tí ó kó oògùn apakòkòrò inú omi jáde ní ṣítọ́ọ̀, n kò sì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ obìnrin náà ló ti fẹ́ràn àhesọ."

Obìnrin náà! Òun tó bá Èkejì sun ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, òun ló wá di "obìnrin náà" lónìí.

Oṣù méjì sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ omi tó ń lọ sáàárín ìlú wò, omi náà kò mọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹfà, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ọ̀gá àgbà, kò gbọ́ hóò, kò gbọ́ hìn-ín. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, Èkejì wá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ṣé o fẹ́ mọ ìdí ẹ̀? Ojú mi báyìí ló ṣe. Ọkọ̀ ọ̀gá ló kó ike oògùn mọ́kànlá gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Wọ́n ti tà á. Kọ ọ́ síta jàre! Gbágbáágbá ni mo wà lẹ́yìn ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Omi ṣe kọ gbólóhùn mẹ́rin sórí wásáàpù àdúgbò: Omi ẹ̀rọ ò mọ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ máa sè é kí ẹ tó mu ún. Ọ̀gá wa ti ta oògùn omi.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ ìbáwí yóò fi pè é. Ọ̀gá àgbà sì ránṣẹ́ pé òun máa pè é lẹ́jọ́, nítorí ó ti ba òun lórúkọ jẹ́.

"Àǹtí," lọ́yà wí, "ìwé òfin ilẹ̀ wa fún gbogbo wa láyè láti sọ tinú wa. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ò kàn lè dì yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà ló ní kí á má fi ẹnu wa ba tẹlòmíràn jẹ́. Ẹyin lohùn. Gbólóhùn mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ní ẹ̀rí wọn, ìlera aráàlú ló sì dá lé. A lè dúró lé wọn lórí. Ìkẹrin yìí ló máa kó bá wa, ẹ kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ."

"Òótọ́ ni."

"Mo gbà. Ẹni tó rí i dà?"

Dókítà Omi yí ìwé tó wà níwájú rẹ̀ dojú dé. Ó ní, "Bí mo bá kó o jẹ, ṣé n ò ti di òpùrọ́?"

"Ẹ ò ní sọ pé irọ́ ni. Ẹ máa sọ pé ẹ ò ní ẹ̀rí. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì."

Nígbà tó délé, ó pe Èkejì lórí fóònù. Ọkọ Èkejì ló gbé e. "Ẹ máà bínú, mà, ó wà ní balùwẹ̀." Ó tún pè lẹ́yìn wákàtí kan: balùwẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ó ń gbọ́ ohùn Èkejì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọkùnrin náà, tó ń sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Sọ fún un pé mò ń wẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé kó rọra," Dókítà Omi wí, "omi yẹn ò mọ́."

Lọ́jọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó. Èkejì wà lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀gá àgbà, wọ́n ti fi í jẹ igbákejì alábòójútó. Káàdì tuntun ń dán láyà rẹ̀. Kò wo apá ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà.

"Ìyáàfin," alága wí, "ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn jẹ, kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé."

Dókítà Omi dìde. "Gbólóhùn kẹrin, mo kó o jẹ. N ò ní ẹ̀rí. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá lórí ìyẹn." Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mẹ́ta tó kù, n ò kó ọ̀kankan jẹ. Omi náà ò mọ́ nígbà yẹn. Mo bu ti ẹ̀rọ tó wà níta yìí wò láàárọ̀, kò tíì mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọ̀gá. Alága ní, "Ta ló sọ ìkẹrin yẹn fún yín?"

Èkejì ń wo èékánná ara rẹ̀.

"N ò ní ẹ̀rí ìyẹn náà, sà."

Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi ìwé ìyọkúrò lẹ́nu iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Lọ́yà, tó ń dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn, kà á, ó sì mí kanlẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Òótọ́ nìkan ni wọ́n lé yín fún báyìí. Ilé ẹjọ́ yá."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Èkejì sáré tẹ̀ lé wọn. "Èkejì mi, jọ̀ọ́, dúró. Wọ́n ní bí n ò bá buwọ́ lù ú, èmi náà á lọ. O mọ bí ilé mi ṣe rí. Kí ni ǹ bá ṣe?"

"O ò bá dákẹ́." Ohùn Dókítà Omi ò le. "Òfin tó ní kí n máa sọ̀rọ̀, òun náà ló fún ẹ láyè láti panu mọ́. Ká ní o dákẹ́ ni, mi ò ní bínú sí ẹ. Ǹjẹ́ ẹnì kan bi ẹ́ bóyá mo fẹ́ràn àhesọ?"

Èkejì padà sínú yàrá ìpàdé, nítorí ọ̀gá ti ń pè é.

Lọ́yà ti wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń kọ àwọn tí wọ́n máa pè wá jẹ́rìí. Ó wo ojú Dókítà Omi díẹ̀.

"Olùtọ́jú ṣítọ́ọ̀ ni obìnrin yẹn. Bí ilé ẹjọ́ bá ránṣẹ́ pè é, dandan ni kó wá. Wọ́n á sì mú un búra. Ṣé kí n kọ ọ́ sí i, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Dókítà Omi dì mọ́ ọ̀pá àtẹ̀gùn.

"Kọ ọ́ sí i," ó wí. "Jẹ́ kó wá sọ tẹnu ẹ̀."